Ìdádúró Ìkẹyìn ní Brannock

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kórìíra ẹni tí a kò bá jẹun pọ̀ rí, kí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Alder Creek, kí ó sì wọ gbọ̀ngàn ìṣeré Brannock lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo ilẹ̀ Indiana tí kò sí ibòmíràn tí ènìyàn lè lọ. Ọdún mẹ́rin ni Emmett Sorrells ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni ìkẹyìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í jẹ́ kí ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, Emmett pàápàá sì mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ olówó kankan tó ń dúró de òun lẹ́yìn ìwé. Bí ọdún yìí bá ti tán, eré tán nìyẹn.

Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Brannock ti dìde dúró lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kun ojú wọn ní pupa. Wọn kì í jókòó. Bí wọ́n ṣe rí Emmett tó ń na ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn gbé ìka méjì méjì sókè.

"Méjì! Méjì! Méjì!"

Emmett kò wò wọ́n. Ó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní ọdún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, Alder Creek fi ayò kan wà lẹ́yìn, aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, rẹfirí sì fún un ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì. Òun nìkan ló dúró nídìí ìlà, ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́. Ó ju èkíní, irin apẹ̀rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ju èkejì, irin kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ iye yẹn di orúkọ rẹ̀.

"Méjì, ẹ kú ìrìn o!" ọ̀kan nínú wọn kígbe, ọmọkùnrin gíga kan tó fi ìwo màlúù oníke dé orí. "Ṣé ọwọ́ ò gbọ̀n? Ṣé ká bá ọ wá ìbọ̀wọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," òmíràn dáhùn. "Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ò bá a lára mu ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí kò dun Emmett tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko ló ti fi ń gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ti le sí i. Ohun tó dùn ún ni pátákó tí wọ́n gbé sókè nígbà tó ń padà lọ sí bẹ́ǹṣì. Páálí lásán ni, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́: SORRELLS, BÀBÁ Ẹ TÈTÈ LỌ KÓ MÁ BÀA WO ÈYÍ.

Oṣù Kẹwàá ni bàbá rẹ̀ kú. Nínú ọgbà ilé wọn ló kú sí, níbi tó ti ń kó ewé gbígbẹ jọ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ Brannock ṣe gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀.

Emmett gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, Loretta, tó jókòó ní ìlà kẹta lẹ́yìn bẹ́ǹṣì wọn. Ìyá náà ti kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì tún gbé e wọ̀, àfi bí ẹni pé ìdọ̀tí ara awò ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ló mi orí sí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: máa bá tìrẹ lọ.

Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ náà ni yóò lọ sí ìdíje ìparí ọdún, tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá pàdánù yóò lọ tọ́jú bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ti àwọn olójú pupa sílẹ̀, Emmett ní ọ̀tá tó sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni ọ̀tá náà wọ̀. Jalil Pruett ni orúkọ rẹ̀.

Jalil kò tíì pé ọdún kan ní Alder Creek. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ló ti wá, níbi tí wọ́n ti fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí tí inú fi bí i. Ó mọ eré ṣe, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Bí aago bá ń lọ sópin, tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn, ìgbà náà gan-an ni ara Jalil máa ń balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún yìí ni bọ́ọ̀lù tó jù kẹ́yìn ti gbé ìṣẹ́gun wálé. Kí ó tó dé, Emmett ló ń ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Ọdún méjì ló fi jù ú, kí ọjọ́ Brannock tó dé. Nígbà tí Jalil wá, Kóòṣì Hanneman kò pe Emmett sí kọ̀rọ̀ láti bá a sọ ọ́. Ó kàn mú ẹfun, ó yàwòrán eré ìparí sára pátákó, ó sì kọ orúkọ Jalil síbi tí orúkọ Emmett máa ń wà. Ó fi ipò kápúténì sílẹ̀ fún Emmett. Bí wọ́n bá gba ẹran lẹ́nu ènìyàn, tí wọ́n wá fi àwo òfìfo sílẹ̀ fún un, ṣé yóò dúpẹ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbi ìdánrawò. Emmett ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, Jalil ń pè é, Emmett sì jù ú fún ẹlòmíràn.

"Kápúténì," ni Jalil wí, "ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Mo dá dúró níbí."

"Mo rí ẹ."

"O rí mi, o ò sì fún mi?"

"Ẹni tó wù mí ni mo fún."

"Ah. Ìdí rèé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ẹ." Jalil rẹ́rìn-ín sí àwọn tó kù. "Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kì í ṣe ti ẹni tó ń sunkún. Lọ bi wọ́n ní Brannock."

Emmett kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Àfìgbà tí Nolan Fitch, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń ṣọ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún wọn, fi ọwọ́ méjèèjì yà wọ́n bí ẹni tó ń ya ewúrẹ́ méjì. Kóòṣì Hanneman kò pariwo. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kò sì le rí. Ó dúró di ìgbà tí gbogbo wọn mí tán.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó bá tún gbé ọwọ́ sí ẹnì kejì lára, eré rẹ̀ tán lọ́dọ̀ mi. Ì báà jẹ́ níbí, ì báà jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ lójú agbo. Mi ò ní béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Emmett, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Kóòṣì."

"Ìwọ ni mò ń bá wí jù. Ọdún ẹ ti ń tán, kò sí ìkejì."

Láti ọjọ́ náà, Emmett àti Jalil kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá máa kọjá lára ara wọn, wọ́n á yà bí ẹni tó rí ẹrọ̀fọ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Eré náà kò dára wò. Àwọn ọmọ Brannock ń fi ìgbọ̀nwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ Emmett ni Kip Radley, ọmọ kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí rẹfirí bí ọmọ ilé ìjọsìn.

"Méjì, ìyá ẹ nìyẹn?" ló ń sọ sí i létí bí wọ́n ṣe ń sáré. "Obìnrin dáadáa. Sọ fún un kó má pẹ́ níbí o, yìnyín ń bọ̀ lọ́nà."

"Gbá bọ́ọ̀lù ẹ."

"Mò ń gbá a. Ìwọ ni o ò gbá tìrẹ."

Bí wọ́n ṣe ń lọ bọ̀ nìyẹn. Brannock á ṣáájú díẹ̀, Alder Creek á lé wọn bá. Ayò mọ́kànlélógún ni Jalil ti jù wọlé, ó sì ń fi ẹ̀rín sí ẹnu bó ṣe ń jù ú, ó ń wo àwọn olójú pupa bí ẹni tó ń fi ẹran han ajá tó wà lẹ́yìn ọgbà. Emmett kò jẹ ayò púpọ̀. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, tó ń pín in, tó ń sọ fún ẹni tó rẹ̀ pé kó mí, tó ń fa ẹni tó fẹ́ bá rẹfirí jà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ni.

Nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, Alder Creek fi ayò kan ṣáájú, bọ́ọ̀lù sì tún jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú wọ inú agbo láti ẹ̀yìn ìlà tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ Brannock, níwájú àwọn olójú pupa gan-an, àwọn Brannock sì ti dì mọ́ gbogbo wọn. Nolan tó fẹ́ jù ú wọlé kò rí ẹni tó lè jù ú fún. Kóòṣì Hanneman dìde, ó sì béèrè fún ìdádúró, kí eré dúró díẹ̀ kí wọ́n lè gbìmọ̀. Fèrè dún. Wọ́n sáré wá sídìí bẹ́ǹṣì.

Ìdádúró níye. Wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba, bí o bá sì ti ná an tán, o kò gbọdọ̀ tún béèrè. Ẹgbẹ́ tó bá béèrè èyí tí kò ní, wọ́n á fún ọ̀tá rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, wọ́n á sì tún gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ eré ṣe ni irú èyí ti bà lórúkọ jẹ́ títí ayé wọn, nítorí agbábọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ṣírò.

"Èyí ló kẹ́yìn," Kóòṣì wí. "A ò ní òmíràn mọ́. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ta ni yóò gbọ́? Ariwo gbọ̀ngàn náà ń mi pákó abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nítorí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni Alder Creek ṣe ní àṣà kan, ó sì ti pẹ́ kí Emmett tó dé ibẹ̀. Bí Kóòṣì bá ti sọ̀rọ̀ tán, kápúténì á lọ bá àwọn mẹ́rin tó ń padà sójú agbo pẹ̀lú rẹ̀, á gbé iwájú orí rẹ̀ lé iwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ẹni náà á fi dáhùn. Kò sí ẹni tí ariwo lè dí létí ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kápúténì nìyẹn, a kì í rán ẹlòmíràn.

Emmett gbé orí lé orí Nolan. "Kò sí ìdádúró mọ́."

"Kò sí mọ́," ni Nolan wí.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì, àti ẹnì kẹta. Ó wá ku Jalil. Jalil dúró lọ́tọ̀, omi lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹnu ko ọwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olójú pupa tí wọ́n ń bú u. Emmett gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ rẹ̀. Jalil yí ojú, ó rí i tó ń bọ̀, ó sì fi ojú wò ó láti orí dé bàtà, ojú tí a fi ń wo ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Gbé orí lé orí ẹni yìí? Emmett dúró. Ó ti gbọ́, ló wí fún ara rẹ̀. Kí ni kò mọ̀? Ṣebí òun ló mọ gbogbo nǹkan. Ó yípo, ó sì padà lọ sójú agbo.

Fèrè dún. Nolan ju bọ́ọ̀lù wọ agbo, Jalil gbà á ní kọ̀rọ̀. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀, ọmọ Brannock méjì ti dé sí i lára, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ògiri. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé e wálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Rẹfirí na ọwọ́, ó ń kà á: bí ó bá kà á dé márùn-ún láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ Jalil, ó di ti Brannock.

Emmett ń sáré bọ̀. Nínú ìsáré yẹn ló rí ojú Jalil. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ó rí ìbẹ̀rù níbẹ̀, ìbẹ̀rù lásán bíi ti ọmọ tó sọnù lọ́jà. Jalil fa bọ́ọ̀lù mọ́ ikùn. Ó yí orí sọ́dọ̀ rẹfirí. Ẹnu rẹ̀ là.

Emmett mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde níbẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ ọ́. Ó sì mọ ohun tí ọwọ́ òun yóò ná òun bí òun bá gbé e. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ohunkóhun tó bá tún wà lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Ó gbé ọwọ́ náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá Jalil lẹ́nu, pàá, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó di ohùn. Ọwọ́ kejì gba bọ́ọ̀lù kúrò ní ikùn rẹ̀. Ó sì gba àárín àwọn méjì náà kọjá, ó ń ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn náà hó yèè. Wọ́n ti rí i. Agbábọ́ọ̀lù Alder Creek gbá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu!

Kip Radley lé Emmett bá, ó sì fà á láṣọ. Fèrè dún. Fáòlù. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ìlà yẹn, Emmett kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó mọ̀ pé gbogbo ògiri pupa tó wà níwájú rẹ̀ ló ń na ìka méjì. Ó mọ̀ pé Kip wí pé, "Bàbá ń wò ẹ́ o, àbí kò wò ẹ́?" Kò bínú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀, ó sì nù ún sára ṣòkòtò kí bọ́ọ̀lù má bàa yọ̀. Ó ju èkíní. Irin gbé e sókè, ó jó lórí rẹ̀, ó wọlé. Ó ju èkejì, kò wọlé. Brannock gbá a mú, wọ́n jù ú láti ọ̀nà jíjìn, ó kọjá lókè apẹ̀rẹ̀ bí ẹyẹ tí kò ní ibi tó ń lọ. Eré parí. Ayò méjì ni Alder Creek fi borí.

Kò sí ẹni tó dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lókè, wọ́n ń fi ọwọ́ Emmett hàn léraléra, bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń bá ẹnu, àwọn olójú pupa sì ń rẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́ wọn. "Ẹ kú ìfẹ́ ara yín o!" oníwo màlúù oníke kígbe. "Ẹ jẹ́ ká bá yín làjà!"

Nínú yàrá ìmúra, omi ń kán nínú páìpù kan. Jalil jókòó, ó di aṣọ ìnura mọ́ ètè. Emmett jókòó ní òdìkejì. Kóòṣì Hanneman ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì," Emmett dáhùn.

"Ẹ sì rántí pé mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ìpínlẹ̀ yìí ló rí ọwọ́ ẹ." Ó wo Jalil. "Kí lo ṣe fún un?"

"Kò sí nǹkan tí mo ṣe fún un," ni Jalil wí láti inú aṣọ ìnura. "Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àyè. Ó rí i, ó gbá mi."

"Emmett?"

Emmett la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn: ó fẹ́ béèrè fún ìdádúró tí a kò ní. Gbólóhùn kan ni, ì bá sì gbà á là. Ṣùgbọ́n ó rí ìbéèrè tó dúró lẹ́yìn gbólóhùn náà, bí ènìyàn ṣe ń rí ẹni tó dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó sì pa ẹnu dé.

"Ó dáa," Kóòṣì wí. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù ẹ kúrò nínú..."

"Ẹ dúró ná, Kóòṣì, ẹ má bínú," Nolan gé e. Ó dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná. "Èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Mo wà nítòsí ẹ̀, mo rí ẹnu ẹ̀. Jalil, o fẹ́ béèrè ìdádúró."

"Tí mo bá fẹ́ béèrè ńkọ́? Wọ́n ká mi mọ́!"

"A ò ní ìkankan mọ́."

Jalil mú aṣọ ìnura kúrò lẹ́nu. "Irọ́."

"Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ló kẹ́yìn. Kápúténì sọ fún wa."

"Ó sọ fún ta ni?"

"Fún gbogbo wa. Ó gbé orí lé wa lórí, bó ṣe máa ń..." Nolan yíjú. Ó wo Emmett. Àwọn tó kù náà wò ó, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná ṣe ń tàn láti ilé dé ilé.

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi," ni Jalil wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo dúró níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé orí lé mi."

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Emmett wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àmì eyín mẹ́ta wà níbẹ̀, ó ti ń ṣú.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mo sọ fún àwọn mẹ́ta. Mi ò sọ fún un."

"O gbàgbé ni?" Kóòṣì béèrè.

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kóòṣì pàápàá ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un.

"Rárá, Kóòṣì. Mo gbé ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀, mo wo ojú ẹ̀, inú bí mi. Mo padà."

Kóòṣì Hanneman gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ọwọ́ tó o gbé yẹn, mo fà á kúrò nínú ẹjọ́. Ó gbà wá. Bí mo bá wà níbẹ̀, mo lè gbé tèmi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo dáná tó o wá ń pa, Emmett. Mi ò lè fi kápúténì tó ń yan ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ síwájú àwọn ọmọ yìí. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Jalil ló máa darí wọn. Bí wọ́n bá borí, wàá padà wọ eré tó kàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe kápúténì. Bí wọn ò bá borí..."

"Mo mọ̀, Kóòṣì."

"O mọ̀. Ó dáa." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Kò tì í.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà láìsọ̀rọ̀. Emmett ká aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ dáadáa kí ó tó fi í sínú àpò, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Bàtà kan dúró níwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Jalil ni, ètè rẹ̀ ti wú.

"Má rò pé a ti di ọ̀rẹ́ nítorí pé o jẹ́wọ́," ni Jalil wí.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Tó o bá tún gbé ọwọ́ sí mi lẹ́nu, màá gé e jẹ."

"O ti bẹ̀rẹ̀." Emmett na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. Jalil wò ó, kò rẹ́rìn-ín.

"Màá borí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Kì í ṣe nítorí ẹ o. Èmi ò fẹ́ ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó. O máa padà wá, o máa dúró níwájú mi, màá sì gbà á níṣojú gbogbo wọn, kí ìwọ náà lè sọ pé o rí i."

"Wá gbà á nígbà náà," ni Emmett wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ borí ná. Ẹnu lásán ò tíì ju bọ́ọ̀lù kankan wọlé."

"Ta ló jẹ ayò mọ́kànlélógún lónìí? Bàbá mi ni?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí. Ó gé ètè jẹ níbi tó ti ya, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Emmett rí i pé ó rántí. Jalil kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà náà kò fẹ̀. Jalil kò dúró kí Emmett kọjá, Emmett kò dúró kí Jalil kọjá, èjìká méjèèjì há sáàárín òpó ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ fún ẹnì kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá," ni Nolan wí lẹ́yìn wọn. "Ebi ń pa mí." Ó fi àyà ńlá rẹ̀ ti àwọn méjèèjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn olójú pupa ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì níta, wọ́n ń dúró dè wọ́n nínú yìnyín.